Ìkìlọ̀ Nìkan Kò Tó: Bí Ètò Ilé Ìdáná Ṣe Ń Pa Òṣìṣẹ́ Lára

Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè dènà ìjàǹbá lẹ́nu iṣẹ́ oúnjẹ títà. Èrò tí mo gbé wá kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀pọ̀ ìjàǹbá tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ìdáná kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fara gbọgbẹ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti pinnu ibi tí sílíńdà gáàsì máa wà, irú táìlì tí wọ́n máa tẹ́ sílẹ̀, iye èèyàn tí wọ́n máa gbà síṣẹ́, àti ilẹ̀kùn tí wọ́n máa tì pa. Ẹni tó bá fẹ́ dènà ìjàǹbá, ibẹ̀ ni kó ti mú un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí a máa ń sọ bí ọbẹ̀ gbígbóná bá dà sí ọmọbìnrin kan lẹ́sẹ̀ ní búkà. Ọ̀gá á ní, “Ṣebí mo ti sọ fún un pé kó máa ṣọ́ra.” Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ní ọkàn rẹ̀ kò sí níbi iṣẹ́. Ẹni tó wá jẹun á mi orí, á ní ayé ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń fòpin sí ìwádìí kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti gbà pé àìṣọ́ra ni, kò sẹ́ni tó tún máa wo ilẹ̀ tí ọmọ náà tẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ìdí tí ìkòkò tó ń hó fi gbọ́dọ̀ rìn láti ẹ̀yìnkùlé dé iwájú. Wọ́n á gba ọmọ mìíràn, wọ́n á kìlọ̀ fún òun náà, ìkòkò á sì máa gba ọ̀nà kan náà kọjá.

Ẹ bá mi wo ọ̀nà ìkòkò yẹn dáadáa. Agogo kan ọ̀sán ti lù, àwọn oníbàárà ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yìnkùlé ni iná igi wà nítorí èéfín, iwájú sì ni ìyá olóúnjẹ ti ń bu oúnjẹ. Ọbẹ̀ iwájú ti tán, wọ́n ké sí ọmọbìnrin kan pé kó gbé òmíràn wá kíákíá. Ó fi àkísà méjì di etí ìkòkò mú. Ọ̀kan nínú wọn rin gbindin nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nu tábìlì, bẹ́ẹ̀ àkísà tó rin kì í dènà ooru. Kíá ni omi inú rẹ̀ á gbé ooru wọ ọwọ́. Ìkòkò kún dé ẹnu. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló so ẹ̀yìnkùlé pọ̀ mọ́ iwájú, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tó ń kó abọ́ lọ síbi ìfọbọ́ ń gbà bọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀ fún omi ọṣẹ àti ilá tó ti dà sílẹ̀ láti àárọ̀. Sílípáàsì rọ́bà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ dán ló wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà. Nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí, èwo ló yàn fúnra rẹ̀? Kì í ṣe òun ló pín iná àti tábìlì níyà. Kì í ṣe òun ló ní kí abọ́ ìdọ̀tí àti ọbẹ̀ híhó máa pàdé lẹ́nu ọ̀nà kan. Bàtà nìkan la lè sọ pé ó yàn, owó tí à ń san fún un ló sì bá a yàn án.

Omi tó gbóná dé ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius lè jó awọ àgbàlagbà wọnú láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré. Tó bá dé 70, ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó. Ọbẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa, epo orí rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara. Kò sí ìṣọ́ra tó yá tó ìyẹn. Ohun tó lè gba ọmọ náà sílẹ̀ ni kí ìkòkò ńlá má rìn rárá: kí a máa bu ọbẹ̀ sínú ìkòkò kékeré onídèérí, kó má kún ju ìlàjì lọ, kí ibi ìfọbọ́ kúrò lójú ọ̀nà yẹn, kí ilẹ̀ ibẹ̀ sì gbẹ. Àyípadà mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹnìkan lè rò pé àbá lásán ni mo ń dá. Lọ́dún 2011, iṣẹ́ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn òṣìṣẹ́ 475 ní ilé oúnjẹ 36 tó wà káàkiri ìpínlẹ̀ mẹ́fà. Fún ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fi ń ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ń yọ̀ wọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé láàárín àwọn tó wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, yíyọ̀ fi ìdá 54 nínú 100 dín kù sí ti àwọn tí kò wọ irú rẹ̀. Bí ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ bá sì ṣe ń di ẹsẹ̀ mú tó, bẹ́ẹ̀ ni yíyọ̀ ń dín kù tó. Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí èyí ń sọ. Irú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Bàtà àti ilẹ̀ wà lára ohun tó ya ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó dúró. Ní Bìrìtìkó náà, nínú gbogbo ìpalára tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń fi tó ìjọba létí, yàtọ̀ sí ti ikú, yíyọ̀ àti kíkọsẹ̀ ló pọ̀ jù; ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Tiwa ńkọ́? Táìlì tó ń dán bíi dígí la máa ń tẹ́ síbi ìdáná torí pé ó wu oníbàárà lójú. Bí epo bá dà sórí rẹ̀, a ó ki àkísà bọ inú omi tó ti dọ̀tí láti àná, a ó sì fi nu ún. Epo kò kúrò níbẹ̀; a kàn tẹ́ ẹ fẹ̀ sí i ni. Omi gbígbóná, ọṣẹ, àti búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ha ilẹ̀ ló ń ká epo kúrò, lẹ́yìn náà ni kí a gbá omi náà dànù pátápátá.

Ọ̀rọ̀ gáàsì ló yẹ kó pẹ́ lẹ́nu mi jù, nítorí ẹsẹ̀ tó yọ̀ á pa ẹnìkan lára, gáàsì tó jò lè pa gbogbo ilé. Ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ló ti kúrò lórí igi àti kẹrosíìnì bọ́ sórí gáàsì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Èéfín igi ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kẹrosíìnì tí wọ́n bá sì ti lú mọ́ bẹntiróòlù lè bú gbàmù lójú ẹni tó ń tàn án. Ṣùgbọ́n gáàsì ní ìwà tirẹ̀. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà kì í gòkè gba ojú fèrèsé jáde bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń rà lọ, á kó jọ sí kọ̀rọ̀, sábẹ́ tábìlì, sínú gọ́tà. Líta kan rẹ̀ tó wà bí omi nínú sílíńdà á di nǹkan bí 270 líta tó bá jáde sí gbangba. Tó bá sì ti tó nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 afẹ́fẹ́ inú yàrá, iná ṣákálá tó ń ta nígbà tí a bá tẹ súìṣì ti tó láti ràn án. Gáàsì fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn. Wọ́n ń fi òórùn tí à ń gbọ́ yẹn sí i kí a lè tètè mọ̀ pé ó ń jò ni. Ẹ wá rò ó wò: nílé ìdáná tí irú, ẹja gbígbẹ àti ata tí wọ́n ń dín ti gba afẹ́fẹ́ kan, ta ló máa gbọ́ òórùn náà lásìkò? Imú tí a fi ń ṣọ́ gáàsì níyàrá ilé wa kò lè ṣọ́ ọ ní búkà. Èyí nìkan ti tó fún mi láti sọ pé sílíńdà kò gbọdọ̀ wà níbi tí iná ti ń jó.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2023, gáàsì bú gbàmù ní ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń ta ẹran sísun nílùú Yinchuan ní Ṣáínà. Èèyàn 31 ló kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti gbọ́ òórùn gáàsì ní nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú. Wọ́n wá ibi tó ti ń jò, wọ́n ní fáàfù sílíńdà ti bàjẹ́, wọ́n lọ ra òmíràn. Ìgbà tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ni ilé bú. Ẹ kò lè pe àwọn èèyàn wọ̀nyí ní aláìṣọ́ra. Wọ́n ṣàkíyèsí, wọ́n wádìí, wọ́n sáré wá àtúnṣe. Ohun tó yẹ kó wà ni ètò: pé sílíńdà wà níta, pé ẹ̀rọ kan wà tó ń ké bí gáàsì bá jò, àti pé gbogbo òṣìṣẹ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bí òórùn bá ti jáde, oníbàárà àti òṣìṣẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ jáde kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ gbé sílíńdà síta, sínú àgọ́ onírin tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí páìpù máa gbé gáàsì wọlé. Rọ́bà tó so sílíńdà pọ̀ mọ́ sítóòfù ń gbó bí táyà ọkọ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó la, ẹ sì fi kílíìpù onírin dè é, kì í ṣe okùn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń jò, omi ọṣẹ ni kí ẹ fi pa á, kí ẹ wò ó bóyá á hó. Ẹni tó ń fi ìṣáná wá gáàsì ń wá ikú. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ tó ń ké, ẹ̀bá ilẹ̀ ni kí ẹ kàn án mọ́, ẹ má kàn án sókè, nítorí ilẹ̀ ni gáàsì ń gbà. Bí òórùn bá jáde, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má pa á, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ kó gbogbo èèyàn jáde, kí ẹ tó pe ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ilẹ̀kùn tí mo dárúkọ yìí gan-an ni ìṣòro tó kàn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1991, iná sọ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe adìyẹ dídín nílùú Hamlet, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà. Èèyàn 25 ló kú síbẹ̀, àwọn tó lé ní 50 fara pa. Wọ́n sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n bá a ní títì. Ọ̀gá ló ní kí wọ́n tì í, torí ó ń fura pé wọ́n ń jí adìyẹ òun. Ilé iṣẹ́ náà ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 11, aṣojú ìjọba ìpínlẹ̀ kankan kò wá ṣàyẹ̀wò ààbò rẹ̀ rí. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé ìdí tí ọ̀gá yẹn fi ti ilẹ̀kùn ni ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń kọ́ àgádágodo sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé oúnjẹ wa lónìí. Ẹran ń sọnù, ìrẹsì ń sọnù, mi ò sì sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà láti ṣọ́ ẹran láìsé èèyàn mọ́lé. Ẹ lo ìkọ́ ilẹ̀kùn tó ń ṣí láti inú láìlo kọ́kọ́rọ́, tí ará òde kò lè ṣí. Ẹ so agogo mọ́ ọn kí etí yín lè gbọ́ nígbàkígbà tó bá ṣí. Ẹ máa ka ẹran láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí olè bá sì jí díẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ọjà á tún tà.

Èmi kò ní pẹ́ lórí àwọn yòókù, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bí òróró bá gbiná nínú agbada, ẹ má bu omi sí i: omi yẹn á di ooru lójú ẹsẹ̀, á fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 1,700, á sì tú òróró tó ń jó sára gbogbo ẹni tó wà nítòsí. Ẹ pa gáàsì, ẹ fi ọmọrí irin dé e, ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Ọmọrí náà gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń dín nǹkan, kì í ṣe ní yàrá kejì. Ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹran gbọ́dọ̀ ní igi tí a ó máa fi ti ẹran wọlé, kí ìka má ṣe é. Kí a sì yọ wáyà rẹ̀ lára iná kí a tó fọ̀ ọ́.

Ó ku àtakò. Àkọ́kọ́ ni ti kádàrá: ohun tó bá máa ṣẹlẹ̀ á ṣẹlẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lálẹ́. Ó fi irin sójú fèrèsé, ó gba ọlọ́dẹ. Kò fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún kádàrá. Ọgbọ́n tó ń lò fún àpò ìrẹsì ni mo ní kó lò fún ọmọ ọlọ́mọ.

Èkejì lágbára jù, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ní ọmọ òde òní kì í fọkàn síṣẹ́, pé fóònù ló wà lójú wọn, pé bí ètò ṣe wù kó dára tó, aláìgbọràn á bà á jẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Kò yẹ kí fóònù wà lọ́wọ́ ẹni tó dúró ti agbada. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí kan náà, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n jí. Ọ̀pọ̀ wọn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ìrun àárọ̀ tó pé, wọn kò sì ní jókòó títí oníbàárà ìkẹyìn á fi lọ lálẹ́. Ẹ̀dá tí kò rí oorun sùn kò lè máa fọkàn sí nǹkan kan títí ilẹ̀ á fi ṣú, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún 18 tàbí àgbàlagbà. Ètò tó jẹ́ pé ó máa ṣiṣẹ́ kìkì bí gbogbo èèyàn bá wà lójúfò ní gbogbo ìṣẹ́jú, kò tíì di ètò. Èyí tó dára ni èyí tó mọ̀ pé èèyàn á gbàgbé, tó sì ti ṣètò kí ìgbàgbé náà má di ikú. Nǹkan mìíràn tún wà. Níbi tí èébú ti ń tẹ̀ lé gbogbo àṣìṣe, ọmọọṣẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ díẹ̀ láàárọ̀ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀, ọ̀gá kò mọ̀, ìmọ̀ yẹn á sì kú sí i nínú títí ẹlòmíràn á fi ṣubú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ láìgba ìfọ́tí.

Ẹ̀kẹta ni owó. Mo mọ̀ pé èrè oúnjẹ títà kò tó nǹkan, pé owó ọjà ń gòkè lójoojúmọ́. Síbẹ̀ ẹ ka àwọn ohun tí mo ti sọ: àkísà gbígbẹ, ìkòkò tí kò kún, ilẹ̀kùn tó ń ṣí, ọmọrí tó wà nítòsí, ibi ìfọbọ́ tí a gbé kúrò lọ́nà. Àwọn tó ń náni lówó ni bàtà, páìpù gáàsì àti ẹ̀rọ tó ń ké, a sì lè rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ìwòsàn ẹni tó jóná, tí ó máa gbé ilé ìwòsàn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kì í dúró de ìgbà tí ọjà bá yá.

Lórí owó náà, òfin ti ṣe nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ olóúnjẹ kò lò. Òfin ìsanpadà fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú 100 gbogbo owó tó ń san fún òṣìṣẹ́ sí NSITF, àjọ tó ń bójú tó owó ìsanpadà náà, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn. Bí òṣìṣẹ́ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, àpò yẹn ni wọ́n ti ń sanwó fún un, láìjẹ́ pé ó ní láti lọ fi hàn nílé ẹjọ́ pé ẹ̀bi ọ̀gá ni. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti fi tó ọ̀gá létí, ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Òfin yìí kò fi mọ sí ẹni tó ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ó kan ẹni tí a bá ṣàdéhùn lẹ́nu lásán, ó kan ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó kan ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí ọ̀rọ̀ kan tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa: “Ọmọ mi ni, kì í ṣe òṣìṣẹ́.” Ọmọ tí a mú wá láti abúlé, tó ń jí dáná, tó ń fọ abọ́, tó ń ru ìkòkò, òṣìṣẹ́ ni. Bí a bá pè é lọ́mọ, ẹ jẹ́ kó rí ààbò tí ọmọ ń rí.

Àwọn kan á ní ìjọba ló yẹ kó ṣe gbogbo èyí. Ó yẹ kó ṣe tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin lọ́dún 2011 tó dá àjọ ààbò tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì dára. Ṣùgbọ́n wolé-wolé tó ń wọ búkà wa, bóyá oúnjẹ mọ́ ló ń wò. Ó yẹ kí wọ́n fi kún iṣẹ́ rẹ̀ láti máa wo sílíńdà àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà. Kó tó dìgbà yẹn, ọwọ́ wa ló wà.

Bí jíjóná bá sì ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ètò, omi ni oògùn àkọ́kọ́: ẹ jẹ́ kí omi tútù, tí kì í ṣe omi yìnyín, máa ṣàn sójú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Bí kò bá sí ẹ̀rọ omi, ẹ máa fi abọ́ dà á sí i. Ẹ má fi ẹyin, ògì, ọṣẹ ìfọyín tàbí epo kankan sí i. Wọ́n ń sé ooru mọ́nú ni, wọ́n sì ń fa kòkòrò. Lẹ́yìn omi, ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin tó wà l'Ékòó, 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà tí ẹ máa pè ní pàjáwìrì. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ilé ìdáná.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní sí ẹgbẹ́ tó pè mí rèé. Ẹ máa ń béèrè owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ yan èèyàn méjì tí wọ́n á kọ́kọ́ lọ dúró nílé ìdáná rẹ̀, kí wọ́n wo ibi tí sílíńdà wà, kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti inú. Bí ilẹ̀kùn náà kò bá ṣí, ẹ má gba owó rẹ̀.